Ọṣẹ kò hó, ẹ̀wà kò rọ̀: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ omi ilé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ilé tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà láàárín ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, kò jìnnà sí Tákìé. Yàrá mẹ́wàá ló kọjú síra wọn nínú rẹ̀, ìdílé méje ló ń gbé ibẹ̀, ìyá ẹlẹ́wà kan sì ń dáná lójúde láràárọ̀. Omi mẹ́ta ló wà fún wọn. Àkọ́kọ́ ni omi ẹ̀rọ tó ń ti ìsédò odò Ọbà wá. Páìpù tó gbé e wọlé ti bẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ nígbà tí wọ́n ń la gọ́tà, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe. Ìkejì ni kànga onírìńgì tó ti wà láti ayé bàbá lánlọ́ọ̀dù. Ó jìn tó mítà 8. Ìkẹta ni bọ́hóòlù oní mítà 55 tí súmò ń fa omi rẹ̀ sínú táńkì òkè, ìgbà tí iná bá sì wà nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Láti ìgbà tí omi ẹ̀rọ ti dáwọ́ dúró ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọṣẹ kì í hó. Aṣọ funfun ń pọ́n eérú, ó sì ń gan lórí okùn. Ara ń yún àwọn ọmọdé lẹ́yìn ìwẹ̀. Ẹ̀wà tó ń jinná kí aago mẹ́fà tó lù, ó ń kọjá aago méje báyìí, bẹ́ẹ̀ igi ìdáná ti wọ́n. Ríǹgì oníná tí wọ́n fi ń se omi ìwẹ̀ ti jó mọ́ ayálégbé mẹ́ta lọ́wọ́. Inú kẹ́tù funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kùn ún. Tíì ń dúdú, awọ fẹ́lẹ́ kan sì ń bò ó lójú.

Gbogbo wọn ló di ẹ̀bi ru kànga. Lánlọ́ọ̀dù ra álọ́ọ̀mù, ó dà á sí i. Kò sí ìyàtọ̀. Ó da kiloríìnì sí i. Omi ń rùn bí oògùn, ọṣẹ kò sì hó. Ẹnìkan tó ń ta ẹ̀rọ omi wá gbà á níyànjú pé kó ra àgbá ńlá tó ń rọ omi. Owó rẹ̀ pọ̀, ó sì kù díẹ̀ kó san án kí wọ́n tó ní kí a wá wo omi náà. Ọpẹ́ ni pé kò tíì san án, ìdí rẹ̀ yóò hàn níwájú.

Níbo ni líle omi ti ń wá?

Kò sí káṣíọ̀mù kankan tó jọjú nínú omi òjò. Bó bá wọnú ilẹ̀, ó ń gba afẹ́fẹ́ kábọ́nì tó ń jáde lára gbòǹgbò àti ewé tó ń jẹrà, ó wá ń kan díẹ̀, kíkan yẹn ló sì fi ń jẹ òkúta. Káṣíọ̀mù àti mágníṣíọ̀mù tó jẹ lára òkúta ló ń sọ ọ́ di líle. Ìdí nìyẹn tí omi fi máa ń le níbi tí òkúta ẹfun bá wà lábẹ́ ilẹ̀, bíi Ewékorò tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ǹtì. Tiwa ní Ògbómọ̀ṣọ́ yàtọ̀. Òkúta àtayébáyé ló wà lábẹ́ ìlú yìí, gíránáìtì àti àwọn ìbátan rẹ̀, wọn kì í sì í tètè yọ́ sínú omi. Omi tó bá wá láti inú wọn sábà máa ń rọ̀ tàbí kó le níwọ̀nba.

Mílígírámù (mg) kábónéètì káṣíọ̀mù nínú lítà kan ni wọ́n fi ń ṣírò líle omi. Bó bá wà láàárín 0 sí 60, omi náà rọ̀. Láti 61 dé 120, ó le díẹ̀. Láti 121 dé 180, ó le. Èyí tó bá ju 180 lọ, ó le gan-an. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà ti 2007 fi òpin sí 150. Fún ara èèyàn, líle fúnra rẹ̀ kì í ṣe májèlé. Káṣíọ̀mù àti mágníṣíọ̀mù wúlò fún egungun àti iṣan. Ìnáwó ló ń mú bá èèyàn: ọṣẹ, igi, iná mànàmáná, aṣọ.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń lo omi kànga mọ̀ ni pé oríṣi líle méjì ló wà. Ọ̀kan wà tó ń bá iná lọ. Èyí ni káṣíọ̀mù tó so mọ́ báíkábónéètì. Bí omi bá hó, afẹ́fẹ́ kábọ́nì á jáde, káṣíọ̀mù náà á sì di èépá funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ìkòkò. Èkejì kì í bá iná lọ, bó ti wù kí èèyàn se omi náà pẹ́ tó. Káṣíọ̀mù tó so mọ́ kílóráìdì, sọ́féètì tàbí náítíréètì nìyẹn. Álọ́ọ̀mù kò ran ọ̀kankan nínú wọn: ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí tó ń léfòó ló ń kó jọ. Kiloríìnì kò ràn wọ́n: kòkòrò ló ń pa. Lánlọ́ọ̀dù náwó sórí oògùn àìsàn tí omi rẹ̀ kò ní.

Ìdánwò ìgò

Kí omi tó dé láàbù, a dán an wò nínú àgbàlá. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: ìgò oníke mẹ́rin tó dọ́gba tó sì ní ìdérí, sírínjì 5 ml tuntun láti ilé oògùn, omi òjò tó mọ́, àti ọṣẹ ìfọṣọ odindi. Ọṣẹ oníyẹ̀fun kò ṣeé lò fún un, nítorí ó máa ń hó nínú omi líle náà, yóò sì tan èèyàn jẹ. A gé ọṣẹ 200 giramu sí ọgbọọgba lọ́nà ogún, a mú ẹyọ kan, ìyẹn 10 giramu, a fá a wẹ́wẹ́, a sì yọ́ ọ nínú lítà 1 omi òjò tó lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́.

A wọn 100 ml omi kọ̀ọ̀kan sínú ìgò tirẹ̀. A ń fi sírínjì ta omi ọṣẹ sí i ní 1 ml, 1 ml. Bí a bá ti ta á sí i, a ó dé ìgò, a ó mì í kíkankíkan, a ó sì gbé e kalẹ̀. Ìgbà tí ìhó bá dúró lójú omi fún ìṣẹ́jú 5 láìwó ni omi náà tó yó. Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣì í ni pé ìhó díẹ̀ máa ń kọ́kọ́ yọ, wọn á ní ó ti tó, bẹ́ẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé yóò ti kú. Ọṣẹ tó ti dì lójú omi ló fa irú ìhó bẹ́ẹ̀.

Omi òjò gba 1 ml. Omi ẹ̀rọ, tí a bù nílé aládùúgbò, gba 4. Bọ́hóòlù gba 12. Kànga gba 26. Ìyá ẹlẹ́wà tó dúró tì wá ní, "Ẹ ò rí i bí? Mo ti ń wí fún bàbá pé kànga yìí ni." Ní ti ọṣẹ, ẹjọ́ rẹ̀ tọ́. Ṣùgbọ́n ó ku apá kejì ìdánwò, òun ló sì ṣe pàtàkì jù.

A bu lítà 1 omi bọ́hóòlù àti lítà 1 omi kànga sínú ìkòkò tó mọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a sì jẹ́ kí wọ́n hó fún ogún ìṣẹ́jú láìdé wọn. Nígbà tí wọ́n tutù, a fi omi òjò dípò èyí tó bá ooru lọ títí wọ́n fi padà pé lítà kọ̀ọ̀kan. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, omi tó kù á ki ju ti tẹ́lẹ̀, ìdánwò á sì purọ́. Wọ́n sùn mọ́jú kí èépá wọn lè sílẹ̀, a rọra da ojú wọn, a sì tún fi ọṣẹ dán wọn wò.

Bọ́hóòlù já wálẹ̀ gan-an láti 12. Èyí tó pọ̀ jù nínú líle rẹ̀ ti bá iná lọ, bó ṣe yẹ kó rí fún omi tó ti inú òkúta wá. Kànga já láti 26 sí 19 péré. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kànga mítà 8, lórí òkúta bíi tiwa, kò yẹ kó le tó bẹ́ẹ̀, líle tí iná kò lè mú lọ kò sì yẹ kó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Nǹkan kan láti òkè ilẹ̀ ló ń bọ́ sínú rẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga

Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn wà lókè, a fi dígí ta oòrùn sínú kànga náà. Gbogbo ẹni tó bá ní kànga lè ṣe èyí, kò gba owó. Ríǹgì sìmẹ́ǹtì méjì àkọ́kọ́ tó wà nínú kànga dára. Ní oríkèé kẹta, lápá ìlà-oòrùn nìkan, ìlà dúdú kan tó tutù ń ṣàn wálẹ̀, sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ sì ti jẹ débi pé òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ yọ síta ní géńgẹ́. Lápá kejì, ojú ríǹgì kan náà ṣì ń dán.

A na téèpù sí ìlà-oòrùn. Sókáwéè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní mítà 9 sí kànga, orí ilẹ̀ tó ga jù ú lọ ni wọ́n sì gbẹ́ ẹ sí. Nígbà tí a bi lánlọ́ọ̀dù, ó rántí pé ṣáláńgá àtijọ́ kan tún wà lábẹ́ ibi tí wọ́n ń dáná sí báyìí, wọ́n kàn kó ilẹ̀ dí i ni. Ó kéré tán, mítà 30 ló yẹ kó wà láàárín kànga àti sókáwéè, kànga ló sì yẹ kó wà lókè. Nínú àwọn agboolé àárín ìlú, níbi tí ilé ti fún mọ́ ilé, ṣàṣà ni ibi tí ààyè yẹn ti wà.

Bí ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe ń sọ omi di líle kò hàn sí ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Amóníà ló pọ̀ nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́. Bó bá wọnú ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ wà, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí á sọ ọ́ di náítíréètì, ásíìdì á sì jáde nínú iṣẹ́ wọn. Ásíìdì yẹn ló ń jẹ káṣíọ̀mù lára erùpẹ̀, lára eérú tí wọ́n ti dà sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, àti lára sìmẹ́ǹtì ríǹgì fúnra rẹ̀. Kílóráìdì náà ń bá a rìn: iyọ̀ tí a bá jẹ, inú ìtọ̀ ló ń gbà jáde. Bí káṣíọ̀mù, náítíréètì àti kílóráìdì ṣe jọ dé inú kànga nìyẹn. Líle tí iná kò lè mú lọ ni àpapọ̀ wọn.

Láàbù jẹ́rìí sí i. Ìgò tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ ni wọ́n fún wa fún àyẹ̀wò kòkòrò. Inú áìsì ló wà lọ, ó sì dé ọ̀dọ̀ wọn kí wákàtí 6 tó pé. Líle kànga jẹ́ 292 mg. Nínú ìyẹn, 85 péré ló ń bá iná lọ. Náítíréètì rẹ̀ jẹ́ 96 mg, bẹ́ẹ̀ 50 ni òpin tí ìlànà fi sí i. Kílóráìdì jẹ́ 120. Ìyẹn kò tíì dé 250 tó jẹ́ òpin, ṣùgbọ́n ó fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti bọ́hóòlù lọ. E. coli, kòkòrò inú ìgbẹ́, wà nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹyọ kan wà. Líle bọ́hóòlù jẹ́ 134, náítíréètì 9, kò ní E. coli, ṣùgbọ́n irin inú rẹ̀ jẹ́ 0.7 mg, tó ju 0.3 tí ìlànà fọwọ́ sí lọ. Omi ẹ̀rọ rọ̀ jù nínú wọn, 38.

Ọjọ́ tí èsì náà dé ni a pe ìyá ọlọ́mọ kan nínú ilé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ oṣù mẹ́rin ló ń tọ́, omi kànga tó ti sè dáadáa ló sì fi ń po wàrà oníyẹ̀fun fún un. Ó ti ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ, ó se omi. Kòkòrò ń kú sínú omi híhó lóòótọ́, ṣùgbọ́n náítíréètì kì í bá ooru lọ. Omi ló ń dín kù, náítíréètì inú èyí tó kù á sì tún ki sí i. Nínú ìkùn ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, náítíréètì lè di náítíráìtì, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé afẹ́fẹ́ ká ara bó ṣe yẹ. Ètè àti èékánná ọmọ á wá máa pọ́n dúdú bí aró. Ara ọmọ náà le, kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Síbẹ̀, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń fi omi bọ́hóòlù sísè po wàrà rẹ̀, a sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí ètè ọmọ bá dúdú lọ́jọ́kọ́jọ́, ilé ìwòsàn ló gbọ́dọ̀ gbà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Aboyún náà kò gbọ́dọ̀ mu irú omi bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo àgbá ńlá tí lánlọ́ọ̀dù fẹ́ rà. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ máa ń gba káṣíọ̀mù, wọ́n á sì fi sódíọ̀mù rọ́pò rẹ̀. Omi iyọ̀ ni wọ́n fi ń fọ̀ wọ́n kí wọ́n lè tún ṣiṣẹ́. Kò sí nínú iṣẹ́ wọn láti mú náítíréètì. Ká ní ó rà á, ọṣẹ ì bá máa hó dáadáa, gbogbo ilé ì bá gbà pé omi ti dára, ọmọ oṣù mẹ́rin ì bá sì máa mu náítíréètì 96 lọ. Ọṣẹ tí kò hó yẹn nìkan ló ń ké pe àwọn ará ilé sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kànga wọn, ẹ̀rọ yẹn ì bá sì pa á lẹ́nu mọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó ra ẹ̀rọ tó ń rọ omi, kó kọ́kọ́ yẹ náítíréètì wò. A kò lè sọ èyí ní àsọjù.

Ẹjọ́ kẹ́tù yàtọ̀ sí ẹjọ́ ọṣẹ

Gbogbo ilé ti gbà pé kànga ló ba kẹ́tù àti ríǹgì jẹ́. Kì í ṣe òun. Líle tó ń bá iná lọ ló ń di èépá, ti kànga sì jẹ́ 85, nígbà tí ti bọ́hóòlù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádóje. Bọ́hóòlù tí wọ́n kà sí omi tó dára ló ń jó ríǹgì. Èépá tó bo ríǹgì kì í jẹ́ kí ooru bọ́ sínú omi; ooru náà á há sínú irin, á máa gbóná sí i, títí wáyà inú rẹ̀ á fi já. Tíì tó ń dúdú náà, ọwọ́ bọ́hóòlù ló wà: irin inú omi ló ń bá ìkorò ewé tíì ṣe pọ̀. Awọ tó ń bo tíì lójú, káṣíọ̀mù ló fa ìyẹn.

Ní ti ọṣẹ, kànga ló jẹ̀bi. Káṣíọ̀mù ń gba ọṣẹ, ó ń sọ ọ́ di ìdì tí kò ṣeé fọ nǹkan, ìhó kò sì ní yọ títí gbogbo káṣíọ̀mù fi máa rí ọṣẹ tirẹ̀ gbà. Nínú kẹ́ẹ̀gì 25 lítà omi kànga náà, káṣíọ̀mù á jẹ ọṣẹ tó lé ní 60 giramu kí ìhó àkọ́kọ́ tó dúró. Nínú kẹ́ẹ̀gì omi ẹ̀rọ, kò tó 10 giramu. Ọṣẹ dúdú kò yọ nínú rẹ̀, òun náà máa ń dì. Ìdì yìí ló wọ inú fọ́nrán aṣọ tó fi ń gan, òun ló kù lára àwọn ọmọ tó ń yún wọn.

Ẹ̀wà ńkọ́? Ohun kan wà tó so inú èèpo àti ara ẹ̀wà pọ̀, tó yẹ kó yọ́ nígbà tí wọ́n bá ń sè é. Káṣíọ̀mù máa ń so mọ́ ọn, á sì mú un le. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń ju káún sínú ìkòkò. Irú sódà kan ni káún, ó ń já káṣíọ̀mù kúrò, ó sì ń rọ èèpo. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀, ó ń ba fítámì B1 inú ẹ̀wà jẹ́, adùn rẹ̀ á sì yí padà.

Ohun tí wọ́n ṣe

Páìpù ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Pọ́ńbà gé ibi tó bẹ́, ó fi páìpù oníke tuntun so ó, wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀ jìn kí ọkọ́ má baà tún kàn án. Wọ́n ṣí omi náà sílẹ̀ títí pupa inú rẹ̀ fi mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bù ú. Omi ẹ̀rọ ni ìyá ẹlẹ́wà ń rẹ ẹ̀wà sí báyìí láti alẹ́, òun náà ló fi ń sè é, kò sì fi káún sí i mọ́.

Wọ́n dá omi òjò dúró. Páànù ilé náà tó nǹkan bí 120 mítà onígun mẹ́rin. Bí òjò mílímítà 10 bá rọ̀ sórí rẹ̀, nǹkan bí 960 lítà ló ṣeé gbè, bí èèyàn bá yọ ìdá márùn-ún kan sílẹ̀ fún èyí tó ń ta dànù. Páìpù kan wà lórí ọ̀nà táńkì tí wọ́n fi ń da omi àkọ́kọ́ nù, nǹkan bí 120 lítà, nítorí eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ tó wà lórí páànù. Omi òjò yìí ni wọ́n fi ń ṣan aṣọ, òun ni wọ́n ń bù sínú kẹ́tù àti áyọ́ọ̀nù. Ẹni tó ní ínfátà nínú ilé náà ti ń fi omi kànga kún bátìrì rẹ̀. Omi tí wọ́n dìídì tọ́ fún bátìrì nìkan ló yẹ ibẹ̀, omi òjò pàápàá kò yẹ ẹ́.

Fún aṣọ tí wọ́n ṣì ń fi omi kànga fọ̀, sódà ìfọṣọ ni, èyí tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń pè ní sódà áàṣì. Giramu 8, tó jẹ́ bíi ṣíbí tíì kan àbọ̀ tó dọ́gba ẹnu, tó kẹ́ẹ̀gì 25 lítà kan. Wọ́n á rò ó pọ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ di àárọ̀, funfun á sì rò sí ìdí, wọ́n á wá rọra da ojú rẹ̀. Àwọn ọlọ́jà kan náà ló ń ta kọ́sítíìkì sódà, funfun ni òun náà, bẹ́ẹ̀ ó ń bó ara, ó ń fọ́ ojú. Kí èèyàn béèrè lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà á. Omi tí wọ́n fi sódà sí kì í ṣe fún mímu, ó sì ń jẹ ìkòkò alumínọ̀mù. Ẹni tí kò bá rí sódà lè fi omi eérú tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa ṣe é; iṣẹ́ kan náà ni pótáàṣì inú rẹ̀ ń ṣe, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kò ṣeé sọ tẹ́lẹ̀.

Èépá inú kẹ́tù àti lára ríǹgì kò gba ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ ń ha irin, èépá á sì túbọ̀ rí ibi dì mú. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lára iná, wọ́n yọ́ ṣíbí ìjẹun 2 ásíìdì sítíríìkì, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ohun mímu ń lò, sínú lítà 1 omi tó lọ́ wọ́rọ́, wọ́n dà á sínú kẹ́tù, wọ́n sì ri ríǹgì sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Yóò máa hó ṣùùṣùù bí èépá ṣe ń yọ́. Bó bá nípọn, wọ́n á da ti àkọ́kọ́ nù, wọ́n á sì tún òmíràn ṣe. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà ń ṣe é, ó kàn ń pẹ́ jù ni. Kẹ́tù alumínọ̀mù kò gbọ́dọ̀ kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ da búlíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì tàbí omi ọsàn. Afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde, ó sì lè pa èèyàn nínú ilé ìwẹ̀ tó há.

Irin inú bọ́hóòlù rọrùn ju ohun tó kù lọ. Wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹnu páìpù tó ń da omi sínú táńkì kó lè máa já bí òjò. Afẹ́fẹ́ á kan irin náà, á di pupa, á sì rò mọ́lẹ̀ mọ́jú. Wọ́n gbé ẹnu páìpù tó ń fa omi jáde sókè díẹ̀ sí ìdí táńkì, ìdí náà ni wọ́n sì ń fọ̀ lóṣooṣù. Aṣọ funfun tó bá ti ní àbàwọ́n pupa irin, kí wọ́n má fi búlíìṣì kàn án, ṣe ló máa ń mú àbàwọ́n náà dì pinpin. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀, kí wọ́n sá a sóòrùn, kí wọ́n sì ṣàn án dáadáa.

Kànga ló gba àkókò jù. Wọ́n kó sókáwéè náà kúrò pátápátá, wọ́n gbẹ́ òmíràn sí ẹ̀yìnkùlé ní mítà 33, níbi tí ilẹ̀ dà sí. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí oríkèé ríǹgì kẹta, wọ́n gbé ẹnu kànga ga, wọ́n sì da kọnkéré yí i ká kí omi ìfọṣọ má baà máa padà sínú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára ìdérí rẹ̀ ní gàdàgbà pé kì í ṣe fún mímu tàbí oúnjẹ. Wọ́n ń fi í fọ ilẹ̀, wọ́n ń dà á sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìyá kan sì ń fi í bomi rin ẹ̀fọ́ rẹ̀; náítíréètì tó lè pa ọmọ lára, ajílẹ̀ ló jẹ́ fún ẹ̀fọ́.

Nígbà tí òjò ọdún náà parí, wọ́n tún gbé omi kànga lọ sí láàbù. Líle rẹ̀ ti já sí 240, náítíréètì sí 71. E. coli kò sí nínú rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ohun tó ti rin inú ilẹ̀ láti ọdún pípẹ́ kì í mọ́ ní àsìkò òjò kan, ṣáláńgá àtijọ́ abẹ́ ibi ìdáná sì ṣì wà níbẹ̀. Oṣù Ẹrẹ́nà ni wọn yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tí omi kànga bá lọ sílẹ̀ jù tí ohun inú rẹ̀ sì ki jù. Bí náítíréètì kò bá tíì dé abẹ́ 50 nígbà náà, lánlọ́ọ̀dù ti gbà pé amọ̀ tó mọ́ ni wọn yóò fi kún un láti ìsàlẹ̀, wọn yóò sì fi kọnkéré dé e. Kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di ààtàn, nítorí ohun tí wọ́n bá dà sínú kànga yìí, kànga ilé kejì ni yóò gbà á.